Àgbàdo Orí Erékùṣù

Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìkòsí, n kò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ènìyàn ní kíá. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń sọ pé, "Mo ń ka nǹkan." Àwọn kan rò pé owó ni, pé báńkì ni mo wà. Ìyàwó àbúrò mi, tí ó jẹ́ tíṣà ní Alápẹ̀rẹ̀, mọ̀ pé kì í ṣe báńkì. Òun ló sì máa ń bi mí níwájú àlejò pé, "Aunty, ẹrẹ̀ ibo lẹ tún kà lọ́sẹ̀ yìí?" Wọn á bú sẹ́rìn-ín. N kì í dá a lóhùn, nítorí kò purọ́. Ẹrẹ̀ ni mo ń kà.

Ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ náà gan-an ni mo ń kà. Gbogbo igi àti koríko tó bá yọ òdòdó ló ní ìyẹ̀, ìyẹ̀ kíkúnná yẹn tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kan òdòdó. Atẹ́gùn á gbé e, òjò á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò bọ́ sínú adágún omi, ẹrẹ̀ á bò ó. Ohun tó wà nínú hóró rẹ̀ á jẹrà, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ó lè wà nísàlẹ̀ adágún fún ẹgbẹ̀rún ọdún kí ìrísí rẹ̀ má yí padà. Hóró ìyẹ̀ igi kan kò sì rí bí ti igi kejì. Òmíràn ní ihò mẹ́ta, òmíràn ní ẹ̀gún yí ara rẹ̀ ká, òmíràn rí roboto pẹ̀lú ihò kan péré. Ẹni tó bá dá wọn mọ̀ lójú lè wo ẹrẹ̀ àtijọ́ kí ó sì sọ irú igbó tó yí adágún náà ká nígbà tí ẹrẹ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí máíkírósíkóòpù láti dá wọn mọ̀, kí n sì kọ iye wọn sílẹ̀.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Kì í ṣe iṣẹ́ kíkà ni wọ́n gbà mí fún. Lẹ́tà ni mo wá tẹ̀. Ọ̀gá mi jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì ní yunifásítì, ó wá háyà fúláàtì ìsàlẹ̀ oníyàrá mẹ́ta kan nítòsí Mile 12, ó ń bá àwọn tó ń wa epo wo òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti inú ilẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ń tẹ iye tí ó kà, mo sì rí i pé àròpọ̀ rẹ̀ kì í bá ara wọn mu. Mo sọ fún un. Ó ní kí n wá wo ojú máíkírósíkóòpù fúnra mi. Láti ọjọ́ náà, n kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ lẹ́tà mọ́.

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ẹnìkẹta wa ni ọkùnrin ará apá Ọ̀yọ́ kan tí ń fi ásíìdì fọ ẹrẹ̀ ní ilé ìdáná, títí tí kò fi ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìyẹ̀ òdòdó. Alásíìdì ni a ń pè é. Bí ẹlòmíràn bá fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá bẹ́ẹ̀ yẹn, kò ní lè ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí wákàtí tí òun kì í ṣe tirẹ̀. Ó fi ọdún díẹ̀ kéré sí mi, Aunty ló ń pè mí.

Òkúta àwọn elépo ló ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wà lọ́kàn Ọ̀gá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni erékùṣù kan tó dá wà láàárín òkun, tó kéré lórí máàpù bí ìgbẹ́ eṣinṣin. Òkè kan tó ti pọ iná rí ló wà níbẹ̀, adágún sì wà ní téńté òkè náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òkè òkun ti ki páìpù gígùn bọ ìsàlẹ̀ adágún yẹn, ó fa ẹrẹ̀ jáde, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú bébà fàdákà àti nylon. Ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí ó ti jìn tó. Ẹrẹ̀ adágún dà bí aṣọ inú àpótí: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá kà á láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, a ó mọ igi tó wà ní erékùṣù náà kí ènìyàn kankan tó tẹ ibẹ̀ dó. Gbogbo ìwé tí Ọ̀gá ní ló sọ pé ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ènìyàn débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ náà dé, Ọ̀gá jókòó sí etí tábìlì mi. Kì í jókòó síbẹ̀.

Ó ní, "Madam, ẹ̀yin lẹ máa kà á tán láti òkè délẹ̀. Tí a bá tẹ ìwé lórí ẹ̀, orúkọ yín á wà lẹ́yìn tèmi. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo mú bírò, mo kọ orúkọ mi bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí nínú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi láàárín. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì nígbà náà. Ibi méjì péré ni wọ́n ti tẹ orúkọ mi rí: sẹtífíkéètì ìwé mẹ́wàá àti káàdì ìgbéyàwó mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní oṣù kejì ọdún. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo ṣe ohun tí n kò rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn fúláàtì wa, láàárín fèrèsé yàrá mi àti ògiri fẹ́ǹsì, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ẹní mẹ́rin lọ, ó dúdú, ó sì lọ́ràá. Abúlé kan ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ mi, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo ti fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀bùn. Mo ra àgbàdo gbígbẹ ẹ̀kún ọwọ́ kan ní Mile 12, mo gbin ebè méjì kí n tó wọlé ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbin ebè kẹta. Máígàádì wa bá mi roko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè, n kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí Ìkòsí wà, àgbàdo máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, lábẹ́ òpó iná, ní ibi tí wọ́n kó yanrìn ilé sí. Ta ni yóò bèèrè?

Ní oṣù karùn-ún, iná kò dúró rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní lè gbé máíkírósíkóòpù, kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. A ṣí fèrèsé. Tábìlì tó wà lábẹ́ fèrèsé náà ni Alásíìdì máa ń to gíláàsì pẹlẹbẹ sí. Yóò kán omi ẹrẹ̀ tó ti fọ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó gbẹ díẹ̀ kí ó tó fi gíláàsì tínrín bò ó. Nígbà mìíràn, wọn á wà níbẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ láìní ìbòrí.

Àgbàdo mi gbó ní oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ya ebè méjì àkọ́kọ́, mo sè é nínú ìkòkò tí mo gbé wá láti ilé, mo sì ra àgbọn sí i. Ọ̀gá jẹ mẹ́rin. Ó ní kí n di méjì fún Mummy, ìyàwó òun, nílé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo rí i.

Mo ti dé ìsàlẹ̀ gan-an nígbà náà, ẹrẹ̀ tó pẹ́ ju ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó kankan lè dé ibẹ̀ lọ. Ọmu ni mo ń kà, ewé tí ń hù lára ọ̀pẹ àti ògiri àtijọ́, tí kì í yọ òdòdó ṣùgbọ́n tí ó ní ìyẹ̀ tirẹ̀, nítorí ọmu pọ̀ ní erékùṣù náà ju ohunkóhun lọ. Hóró kan yọ sí mi láti ẹ̀gbẹ́. Ó rí roboto, ihò kan ló ní, òrùka sì yí ihò náà ká. Bí ìyẹ̀ gbogbo koríko ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tóbi ju koríko lọ, ó tóbi ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Mo mú gíláàsì àpẹẹrẹ jáde láti inú àpótí, mo wò wọ́n pọ̀. Àgbàdo ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti rí mẹ́rin.

Mo pe Ọ̀gá. Ó wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Madam, ẹ mọ ohun tí ẹ rí?"

"Àgbàdo ni, sà."

"Òdìkejì òkun ni àgbàdo ti wá. Kò sí ní Áfíríkà rárá nígbà yẹn. Tó bá wà ní erékùṣù yẹn, ènìyàn ló gbé e débẹ̀, ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé!" Ó ti ń tẹ fóònù. Káàdì rẹ̀ tán láàárín ọ̀rọ̀, ó fúnra rẹ̀ sáré jáde lọ ra òmíràn ní ẹnu géètì. N kò rí i kí ó sáré rí.

Mo ní, "Sà, inú wọn kún."

Kò gbọ́. Ìgbà tó padà wọlé, mo tún un sọ. Ìyẹ̀ tó ti wà nínú ẹrẹ̀ láti ayébáyé, òfìfo ni, èèpo lásán. Bí kò tilẹ̀ tíì ṣófo, ásíìdì á jẹ inú rẹ̀ tán. Gbogbo ọmu tí mo kà, gbogbo igi, òfìfo ni wọ́n. Àwọn àgbàdo mẹ́rin yìí nìkan ni nǹkan wà nínú wọn, ó rí wúruwùru, ó sì mu àwọ̀ pupa tí a fi ń pa wọ́n lára ju àwọn tó kù lọ. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé ìṣírò mi: *inú kún*.

Ọ̀gá ní, "Ẹrẹ̀ tó dáa ló tọ́jú ẹ̀. Ìsàlẹ̀ adágún tútù."

"Ẹrẹ̀ kan náà ló tọ́jú àwọn ọmu, sà."

"Madam. Ẹ kà á, ẹ má ṣe tú u."

Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó wojú mi, ó sì yí sí ilé ìdáná. "Tí nǹkan bá ṣe àgbàdo yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó fọ̀ ọ́ ló ti ṣe é! Ìwọ, ṣé o fọ àwọn túùbù yẹn dáadáa?"

Alásíìdì jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Èmi, sà? Mo fọ túùbù ju bí mo ṣe ń fọ ẹnu mi lọ."

Nígbà tí Ọ̀gá wọ yàrá rẹ̀, Alásíìdì tẹ̀ mọ́ mi létí. "Aunty, kí ni mo ṣe yín? Wọ́n fún yín ní àgbàdo, ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ kí òyìnbó máa yọ̀. Ó di dandan kí ẹ wo inú ẹ̀?"

"Mo ti rí inú ẹ̀ ná."

"Ẹ ò lè dijú díẹ̀ bíi Kìrìsìtẹ́nì tó ń gbàdúrà?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Alásíìdì ń fọ nǹkan dáadáa, mo mọ̀. Mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀: omi tí a ń lò, ásíìdì, ìgò, aṣọ ìnura. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí ọ̀rọ̀ kan náà po. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ọ̀gá ń kọ ìwé rẹ̀, èmi ni mo sì ń bá a tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ àkọlé. Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Mo tẹ orúkọ mi, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi láàárín. Mo ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá mo ṣì í tẹ̀, n kò sì ṣì í.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo ń fọ kọ́ọ̀bù tíì mi lójú fèrèsé. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀. Mo rí ebè kẹta, èyí tí mo pẹ́ gbìn. Òdòdó orí rẹ̀ mì, ìyẹ̀ rẹ̀ sì tú jáde bí ẹ̀ẹ́fín yẹ́lò díẹ̀. Ó rọra ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Mo gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Gbogbo ilé ni mo ti tú, gbogbo ìgò ni mo ti gbóòórùn, mo sì ti jẹ́ kí Ọ̀gá bú Alásíìdì, n kò wo ọwọ́ ara mi.

Síbẹ̀, rírò kì í ṣe mímọ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo mú gíláàsì tuntun méjì, mo fi gilisirínì pa wọ́n lójú kí nǹkan lè lẹ̀ mọ́ wọn. Mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì abẹ́ fèrèsé láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin. Mo ti èkejì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ní aago mẹ́rin, mo wò wọ́n. Inú dúrọ́ọ̀ kò ní ohunkóhun bí kò ṣe eruku. Ti orí tábìlì, mo ka àgbàdo méjìdínlógún, inú gbogbo wọn sì kún.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. N kò sọ ọ́. Ọ̀gá wà níbẹ̀ di aago márùn-ún ààbọ̀, ó ń fi ẹnu kọrin, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sílé. N kò sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó àbúrò mi bi mí nípa ẹrẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi dáhùn fún ìgbà àkọ́kọ́ pé, "Wọ́n máa tẹ orúkọ mi sínú ìwé." Ó ya ẹnu. Ó ní, "Aunty! Lóòótọ́?" Ó sáré lọ sọ fún àbúrò mi.

Bí mo bá dákẹ́, orúkọ mi á jáde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní sí ìwé tí wọ́n máa tẹ orúkọ sí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, kò sí ọ̀nà kẹta, mo sì wá a. Ṣùgbọ́n orúkọ tí yóò wà níbẹ̀, tẹni tó kà á ni. Ẹni tó kà á sì mọ̀ pé inú wọn kún.

Lọ́jọ́ Ajé mo ṣáájú Ọ̀gá dé. Mo gbé gíláàsì tó wà lójú fèrèsé sídìí máíkírósíkóòpù. Alásíìdì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu tíì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹyọ kan yìí kí ẹ tó jókòó."

Ọ̀gá tẹ̀ ba. Ó wò ó pẹ́. "Àgbàdo! Báyìí pọ̀? Nọ́ńbà mélòó nìyí?"

"Kò ní nọ́ńbà, sà. Kò sí ẹrẹ̀ lórí ẹ̀. Mo kàn gbé e sábẹ́ fèrèsé ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti fò wọlé."

Kò gbé orí sókè. "Ta ló gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ?"

Ọdún mẹ́fà ni mo ti bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí ní ìwọ nìyẹn.

"Gbogbo ilẹ̀ tó wà ní Kòsọ́fẹ́, o ò rí ibòmíràn gbin àgbàdo àfi ojú fèrèsé mi? O ò rí i pé ibẹ̀ ni gíláàsì ń gbẹ sí? Ìwọ tó o máa ń sọ fún mi pé kọ́mà mi ò sí níbi tó yẹ?"

Òótọ́ ni.

Alásíìdì ní, "Sà, àwa náà la jẹ ẹ́. Èyí tẹ́ ẹ fi àgbọn jẹ ní Jímọ̀ yẹn. Ẹ tún ní kí Aunty di méjì fún Mummy."

"Jáde!"

"Mo ti wà níta, sà."

Ọ̀gá jókòó. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Ṣé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni inú wọn kún? Kò sí ẹyọ kan?"

"Kò sí, sà. Mo kọ ọ́ sétí ìwé."

"Mo rí i," ó ní. "Mo ti rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Ọjọ́ méjì kò bá wa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi Alásíìdì bóyá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ṣẹ́kù. Ó ṣẹ́kù bí orí àtàǹpàkò. Ó ní kí a fọ̀ ọ́.

Mo jáde lọ fa àgbàdo ebè kẹta tu. Ọmọ ti wà lára rẹ̀, omi rẹ̀ sì funfun bíi wàrà. Máígàádì sáré dé. "Mama, ẹ jẹ́ kó gbó! Kí ló ṣe?"

"Ó ń wọnú iṣẹ́ wa."

"Àgbàdo? Ẹsẹ̀ wà ní ìdí ẹ̀?" Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ewúrẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí.

A fi nylon àti téèpù lẹ fèrèsé pa. A pa fáànù. Ooru inú yàrá náà kò ṣeé sọ. Alásíìdì ní, bí òun bá kú, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé àgbàdo ló pa òun. Mo so aṣọ mọ́ iwájú orí kí òógùn má bàa kán sórí gíláàsì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kà á. Mo ka ọmu. Mo ka igi ìdílé ìrókò, àti àwọn igi tí n kò ní orúkọ fún ní èdè kankan, tí mo fún ní nọ́ńbà. Igbó tútù ni, tí ìkùukùu bò, tí igi ńlá wà nínú rẹ̀, tí ọmu sì hù dé orí ẹ̀ka wọn. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣá ní àdá. N kò ní dé ibẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí mi lórí oorun, mo lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kí n sọ tòótọ́: ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àgbàdo ni mo ń wá. Mo fẹ́ rí ẹyọ kan ṣoṣo, tí inú rẹ̀ ṣófo. Mo ń yí gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ nínú ara mi pé, ẹyọ kan. Mo dé etí gíláàsì tó kẹ́yìn. Kò sí.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Madam." Ó ti padà sí pípè mí ní ẹ̀yin. Ó ní igbó náà ṣì tó ìwé kan, ìwé kékeré, àti pé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀. Mo pa èyí tí mo ti tẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ó lé ní ọdún kan kí ìwé náà tó jáde. Ó lọ, ó bọ̀. Wọ́n ní kí a gé e kúrú. Ọ̀rẹ́ Ọ̀gá ní òkè òkun ló gbé e délé. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, ó gbé e fún mi, ó sì jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ti Ọ̀gá, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn méjì tí n kò mọ̀ rí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní Èkó.

Ó sọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Wọ́n ní orúkọ ti pọ̀ jù. Ẹni tó gbẹ́ ẹrẹ̀, ẹni tó ṣètò ọkọ̀ ojú omi. Mo bá wọn jà, Madam. Ẹ má bínú."

Mo ní, "Kò burú, sà."

Ó burú. Mo jókòó, mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, nítorí pé n kì í ka nǹkan ní ìdajì. Gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ tèmi ni, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣì kọ. Ní ojú ìwé kẹfà, lábẹ́ àlàyé bí a ṣe ṣiṣẹ́, mo rí gbólóhùn kan: pé a rí àgbàdo díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a kò kà á mọ́ igbó náà, nítorí pé láti ara ohun ọ̀gbìn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ti wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ nìkan ni mo wà, èmi àti ebè mẹ́ta mi.

Alásíìdì wo èjìká mi. "Kí ni wọ́n kọ nípa yín, Aunty?"

Mo fi ìka hàn án. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọn ò tiẹ̀ sọ pé ó dùn."

Ìyàwó àbúrò mi bi mí títí nípa ìwé náà, kí ó tó wá sú u. N kò fi hàn án.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ tún rọ̀, máígàádì wá dúró lójú fèrèsé mi pẹ̀lú ọkọ́. Ilẹ̀ yẹn ti wà lásán látìgbà náà. Ó ní, "Mama, ilẹ̀ yìí ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí n gbin àgbàdo."

"Rárá o."

"Ẹ̀wà ńkọ́? Bàbà?"

"Bàbà burú ju àgbàdo lọ." Mo rò ó díẹ̀. Mo wo inú àpótí àpẹẹrẹ mi lọ́kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí atẹ́gùn ń gbé, èyí tí kòkòrò ń gbé. "Gbin ilá. Ìyẹ̀ òdòdó rẹ̀ tóbi, ó wúwo, ó sì ní ẹ̀gún lára. Kòkòrò níí gbé e, kì í fò."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń ṣàárẹ̀. Ó ní, "Ilá," ó sì kọ ebè. Mo dìde, mo ti fèrèsé náà, mo padà sídìí máíkírósíkóòpù.